Òkúta Inú Ìtọ̀: Ọ̀bẹ Kọ́ Ni Kí A Bẹ̀rù, Ìdádúró Ni

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí oòrùn sì ń pa àgbẹ̀ lórí ebè, òógùn a máa gba gbogbo ara jáde, ìtọ̀ a sì dín kù. Ẹni tí ó bá roko láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán láìmu ju ife omi kan lọ yóò rí i pé ìtọ̀ òun pọ́n, ó sì ki. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí àrùn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi pamọ́, èyí tí í ṣe òkúta inú ìtọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìkọ́ni, nínú ilé ẹ̀kọ́ àti nínú ìjọ, ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú mi tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ tí mo ń bójú tó, àgbẹ̀ alágbára ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa dùn ún lóòrèkóòrè, ìrora náà a sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ikùn, títí yóò fi máa yí lórí ẹní. Nígbà mìíràn ìtọ̀ rẹ̀ a máa ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Nígbà tí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí, mo gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, èyí sì tọ́. Ṣùgbọ́n mo tún sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù, nítorí mo ti gbọ́ pé ńṣe ni wọ́n máa ń la ẹ̀gbẹ́ ènìyàn gbàràgàdà nítorí òkúta, ẹ̀rù abẹ sì ń bà mí fún un. Ó mu àgbo fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Nígbà tí ibà àti ìgbọ̀nrìrì gbé e dé ilé ìwòsàn, kíndìnrín kan ti bàjẹ́ pátápátá, wọ́n sì ní láti yọ ọ́ kúrò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó yè, ó sì ń fi ìkejì gbé ayé. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ abẹ sọ fún mi pé ká ní ó tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kí a má tilẹ̀ fi abẹ kàn án rárá. Ọ̀rọ̀ yìí gún mi ní ọkàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè, tí mo sì ń kàwé lórí ọ̀ràn yìí, kí n má baà tún fi àìmọ̀ dá ẹlòmíràn dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òkúta yìí jẹ́. Kíndìnrín méjì ni Ẹlẹ́dàá fi sí wa lẹ́yìn, ní abẹ́ ìhà. Òun ni Bíbélì wa ń pè ní iwe. Iṣẹ́ wọn ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì bá ìtọ̀ lọ. Ọ̀nà tóóró kan ti ara kíndìnrín kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀. Ẹ bu iyọ̀ sínú ife omi, ẹ rò ó, yóò yòrò. Bí ẹ bá ń bu iyọ̀ kún un ṣá, ẹ ó dé ibi tí kò ní yòrò mọ́, tí yóò sì sùn sí ìdí ife. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú kíndìnrín: bí omi bá kéré tí ìdọ̀tí sì pọ̀, ìdọ̀tí náà a dì, a sì di òkúta. Ó lè rí bí iyanrìn, ó lè tó hóró ẹ̀wà, ó sì lè dàgbà títí yóò fi gba gbogbo inú kíndìnrín bí gbòǹgbò igi. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ó lè má dun olúwarẹ̀ rárá. Ìgbà tí ó bá bọ́ sí ojú ọ̀nà tóóró nnì, tí ó sì dí i, ni ìrora ńlá máa ń dé.

Àwọn kan ń wí pé àrùn òyìnbó ni. Òtítọ́ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 àwọn dókítà kọ ọ́ pé ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n lónìí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà ń rí i, ní ara àgbẹ̀ àti ní ara akọ̀wé, ní ara ọkùnrin àti ní ara obìnrin.

Ohun méjì ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn wa fi í pamọ́. Èkíní ni ìtìjú. Bí ènìyàn bá wí pé ìtọ̀ ń dun òun, kíá ni aládùúgbò yóò ti wí pé àtọ̀sí ni, wọn yóò sì máa wo olúwarẹ̀ bí ẹni tí ó ti ṣe ìṣekúṣe. Nítorí náà ni bàbá tí ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, tàbí ìyá tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, yóò fi eyín há ìrora mọ́lẹ̀. Òkúta kì í ṣe àmì ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ kì í sì í ṣe òkúta ní gbogbo ìgbà: nínú àwọn ọmọ tí ń wẹ̀ ní odò ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, nínú àgbàlagbà ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn tí ó burú ju òkúta lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ni ó lè fi òtítọ́ hàn.

Ohun kejì ni ẹ̀rù abẹ. Èmi kò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà nítorí ẹ̀rù yìí, nítorí ó ní ìdí láti ìgbà pípẹ́. Nínú ìbúra àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́, èyí tí a fi orúkọ Hippocrates pè, ẹni tí ń búra a máa ṣe ìlérí pé òun kì yóò fi ọ̀bẹ yọ òkúta, òun yóò fi í sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Ní 1658, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, wọ́n la ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní Samuel Pepys, wọ́n sì yọ òkúta ńlá kan nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Kò sí oògùn akunnilóorun nígbà náà. Ńṣe ni wọ́n so aláìsàn mọ́lẹ̀. Ó yè é, ó sì ń se àsè ọpẹ́ ní àyájọ́ ọjọ́ náà. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, oníṣẹ́ abẹ William Cheselden di olókìkí nítorí pé ó lè yọ òkúta láàrin ìṣẹ́jú kan. Ìdí tí wọ́n fi ń yìn ín kò ju pé ìrora náà kọjá ohun tí ènìyàn lè fara dà pẹ́.

Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Ní 1824, ní Paris, Jean Civiale ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, ó sì fọ́ òkúta nínú àpò ìtọ̀ láìla ara aláìsàn. Ní 1846 oògùn akunnilóorun bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní gbangba ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ní 1867 Joseph Lister kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ bí a ti ń fi oògùn pa kòkòrò tí ń mú ojú egbò kẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ìrora àti ìkẹ̀ egbò, àwọn ọ̀tá ńlá méjì tí ẹ̀rù àwọn baba wa dá lé, ti di ohun tí a lè kápá.

Ẹ wá wo ohun tí ìdádúró lè ṣe, àní sí ẹni tí kò ṣaláìní owó. Napoleon III, olú-ọba ilẹ̀ Faransé, ní òkúta nínú àpò ìtọ̀. Ní 1870 àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fura sí òkúta, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kàn án. Nínú ìrora náà ni ó gun ẹṣin lọ sí ogun Sedan ní ọdún kan náà, níbi tí wọ́n ti mú un. Ìgbà tí ó ti di ìsáǹsá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tó jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ òkúta náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1873. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Adé kò gbà á, wúrà kò gbà á, nítorí pé àkókò ti kọjá. Àwọn baba wa wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Nísinsìnyí, kí ni ohun tí a lè ṣe sí òkúta lónìí? Ọ̀nà márùn-ún ni mo rí, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ wọ́n.

Èkíní ni kí a dúró, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìdúró tí dókítà ń ṣọ́. Òkúta kékeré tí kò ju mílímítà 5 lọ, tí ó ti bọ́ sí ojú ọ̀nà, sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Nínú mẹ́ta irú rẹ̀, nǹkan bí méjì ni ó ń jáde. Dókítà a fún aláìsàn ní oògùn ìrora, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn tí ń dẹ ojú ọ̀nà náà, a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Irú òkúta kan sì wà, èyí tí uric acid dì, tí oògùn lè yọ́. Ìdúró yìí yàtọ̀ sí èyí tí mo fi gba arákùnrin wa nímọ̀ràn, nítorí pé ó ní òdiwọ̀n, ó sì ní ọjọ́.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń fi agbára ìró fọ́ òkúta láti ìta ara. Ní oṣù Èrèlé 1980, ní ìlú Munich ní Jámánì, Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn. Ẹ̀rọ náà a máa rán ìró líle gba inú ara kọjá, gbogbo rẹ̀ a sì pàdé lórí òkúta náà, a sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, tí yóò bá ìtọ̀ lọ. Kò sí abẹ rárá. Ó dára fún òkúta tí kò tóbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà tirẹ̀: a lè ní láti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àfọ́kù lè dí ojú ọ̀nà, òkúta tí ó le gan-an lè kọ̀ láti fọ́, èyí tí ó sì wà ní ìdí kíndìnrín nísàlẹ̀ lè fọ́ kí àfọ́kù rẹ̀ má sì rí ọ̀nà gòkè jáde. A kì í lò ó fún aboyún, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá.

Ẹ̀kẹta ni awò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, láti inú àpò ìtọ̀ gòkè lọ títí dé ibi tí òkúta wà, àní dé inú kíndìnrín. Oníṣẹ́ abẹ a máa fi ojú ara rẹ̀ rí òkúta náà, a sì fi ìtànṣán lésà fọ́ ọ. Kò sí ojú egbò ní ara aláìsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó kùn ún lóorun. Ọ̀nà yìí ni ó wọ́pọ̀ fún òkúta tí ó há sí ọ̀nà tóóró. Irú ọ̀nà yìí náà ni a fi ń fọ́ òkúta inú àpò ìtọ̀. Nínú àwọn àgbà ọkùnrin, òkúta inú àpò sábà máa ń wá nítorí pé prostate, èyí tí ó yí ọrùn àpò ìtọ̀ ká, ti wú, tí ìtọ̀ kò sì lè tán. Bí a bá yọ òkúta tí a kò sì wo prostate, òkúta mìíràn ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a ń gba ẹ̀yìn ṣe. Ní 1976 Fernström àti Johansson ní ilẹ̀ Sweden fi hàn pé a lè lu ihò kékeré láti ẹ̀yìn wọ inú kíndìnrín, kí a sì yọ òkúta gba ibẹ̀. Ojú egbò náà kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Èyí ni àwọn amòye ń yàn ṣáájú fún òkúta inú kíndìnrín tí ó bá ju mílímítà 20 lọ, ìyẹn ni èyí tí ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò àgbà ọkùnrin. Ó ń gbá òkúta ńlá kúrò ju àwọn ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dà níbẹ̀, ó sì ń béèrè pé kí aláìsàn sùn ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún ni kí a la ẹ̀gbẹ́, èyí tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ní ibi tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí pé sí, a kì í sábà ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi tí kò sí ẹ̀rọ, tàbí tí òkúta ti tóbi tí ó sì díjú, ó ṣì ń gba ẹ̀mí là. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pẹ̀gàn oníṣẹ́ abẹ tí ó bá wí pé òun yóò là á; ẹ kàn béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà ní ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù. Dókítà rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Olùkọ́, èwo ni ó dára jù nínú wọn?" Èsì mi ni pé kò sí ọ̀kan tí ó dára jù fún gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ọkọ́ kan tí ó bá gbogbo ilẹ̀ mu. Bí òkúta ti tóbi tó, ibi tí ó jókòó sí, bí ó ti le tó, bí ara olúwarẹ̀ ti rí, ni a fi ń yàn. Mo kíyèsí i pé àwọn ènìyàn wa máa ń béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ ó là mí?" Ìbéèrè mẹ́ta mìíràn ni ó sàn jù: Báwo ni òkúta mi ti tóbi tó, níbo ni ó sì wà? Èwo nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni yóò mú gbogbo rẹ̀ kúrò? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá dúró? Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ohun méjì wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ há sórí. Bí ìrora ẹ̀gbẹ́ bá wà pẹ̀lú ibà àti ìgbọ̀nrìrì, tàbí bí ìtọ̀ bá dá, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà. Ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ tí ó ti díbàjẹ́ ni ó há sẹ́yìn òkúta, ó sì lè pa ènìyàn ní kíákíá. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ dókítà a kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún ìtọ̀ náà kí ó jáde, a sì fi òkúta sílẹ̀ di ìgbà tí ibà bá lọ. Ìkejì ni pé, oníṣẹ́ abẹ lè fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ara, láàrin kíndìnrín àti àpò ìtọ̀, kí ọ̀nà má baà dí. Fún ìgbà díẹ̀ ni ọ̀pá náà wà fún. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ọdún yìí gan-an, nítorí àwọn kan ń gbàgbé rẹ̀ sínú nígbà tí ara bá ti yá, òkúta tuntun a sì dì mọ́ ọn.

Ní ti àwọn tí ń wí pé àìnígbàgbọ́ ni iṣẹ́ abẹ jẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí Hesekáyà. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó sì fi ọdún kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú odi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Àdúrà àti ìtọ́jú kò bá ara wọn jà nínú ilé ọba náà. Ní ti àgbo, kò sí èyí tí mo mọ̀ tí ó lè yọ́ òkúta tí ó ti tóbi, èyí tí a kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè ba kíndìnrín tí ó kù jẹ́.

Ọ̀ràn owó ni ó le jù, èmi kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò sí ní gbogbo ìlú, owó wọn sì wúwo fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ pẹ́ tó láti mọ̀ pé nígbà tí arákùnrin kan bá kú, owó aṣọ, owó màlúù àti owó ìlù kì í pẹ́ pé. Ìjọ tí ó lè dá owó ìsìnkú lè dá owó ìwòsàn. Èrò mi ni pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya àpótí kan sọ́tọ̀, kí a máa sọ owó díẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí aláìsàn lè rí owó àyẹ̀wò gbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbẹ́ bá dùn ún. Owó àyẹ̀wò kéré sí owó yíyọ kíndìnrín.

Ní ìparí, ẹ rántí pé oníṣẹ́ abẹ ń yọ òkúta, kì í yọ ohun tí ó fà á. Nígbà tí Pepys kú ní 1703, ọdún 45 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rẹ̀, òkúta méje ni wọ́n bá nínú kíndìnrín rẹ̀ òsì. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbé kèrègbè omi lọ sí oko, kí ẹ sì mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ yín, títí ìtọ̀ yín yóò fi mọ́. Ẹni tí ó ti ní òkúta rí ní láti máa tọ̀ tó lítà 2½ lójúmọ́, àfi bí dókítà bá sọ òmíràn fún un nítorí àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ má ṣe fi ẹran kún àwo jù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ dára. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní ohun kan nínú tí ń dara pọ̀ mọ́ òkúta. Ẹni tí ó bá ti ní òkúta rí, kí ó bọ̀ wọ́n, kí ó sì da omi rẹ̀ nù. Kí ó má sì ṣe sá fún wàrà, nítorí sísá fún un kì í dènà òkúta.

Arákùnrin wa ṣì ń wá sí ilé ìsìn, ó sì ti dárí jì mí. Ohun tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ni kí n sọ fún yín: ẹni tí ẹ̀gbẹ́ bá ń dùn láàrin yín, kí ó sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run tí ó dá iwe wa pa wọ́n mọ́ títí di ìkórè.